Èmi Ni Mo Ní Kí Wọ́n Se Omi Náà

Èmi ni mo ní kí wọ́n máa sè é. Kì í ṣe ọ̀gá mi, kì í ṣe ìjọba, èmi tí mò ń kọ lẹ́tà yìí ni. Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wá orúkọ mi, ẹ ṣáà fún mi nímọ̀ràn, nítorí mi ò lè sọ ọ̀rọ̀ yìí fún ọkọ mi...

Ará Okun ni mí. Iṣẹ́ ìkọ́lé ló gbé ọkọ mi wá sí Abuja níbí, nígbà tí a dé, títì eléruku àti katapílà nìkan lèèyàn ń rí. Ìtòsí Lugbe ni àwa òṣìṣẹ́ tẹ̀dó sí, àwọn ará Ọ̀yọ́ àti Ọ̀ṣun ló pọ̀ jù nínú wa. A gbẹ́ kànga kan síbi tí wọ́n ń so màlúù mọ́ tẹ́lẹ̀ rí, ṣáláńgá wa ò sì jìnnà sí i. Èmi ríṣẹ́ sí lábù kan tí wọ́n ti ń yẹ omi wò nínú ìlú, ìgò ni mò ń fọ̀. Ọ̀gá mi níbẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin tó kàwé gan-an, àbúrò mi ni ì bá jẹ́, ará Òkè Ọya ni, kò gbọ́ Yorùbá rárá, àfi òyìnbó àti Hausa. Dókítà Olómi làwọn èèyàn wa ń pè é.

Ó bu omi kànga wa lọ yẹ̀ wò, ó sì padà wá lọ́jọ́ Sunday kan lẹ́yìn ìsìn láti sọ ohun tó rí. Èmi ni ògbufọ̀. Àwọn èèyàn wa ò sì gbà á gbọ́ látilẹ̀, wọ́n ní ìjọba ló fẹ́ fi ọgbọ́n lé wa kúrò lórí ilẹ̀, pé omi tí a ti ń mu tí kò pa wá, ìgbà wo ló di burúkú? Ó sọ̀rọ̀ títí, gírámà ńláńlá. Ohun tí mo rí mú níbẹ̀ ni pé omi náà kò dára fún ọmọ ọwọ́, mo sì sọ bẹ́ẹ̀. Ni ariwo bá ta. Kí la ó wá máa fún ọmọ mu? Kí la ó fi se àgbo? Bàbá ìjọ kan dìde, ó bi mí pé tí a bá sè é ńkọ́. Ẹ̀yin èèyàn mi, mi ò yíjú sí ọ̀gá mi. Mi ò bi í! Láti kékeré tí àwọn wolé-wolé ti ń wọ ilé wa ní Kabba, ẹ se omi yín, ẹ se omi yín ni, ta ni kò mọ̀ ọ́n? Mo fẹ́ kí ariwo náà rọlẹ̀, mo fẹ́ kí wọ́n fẹ́ràn ọ̀gá mi, ọmọ ọlọ́mọ... mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ sè é dáadáa, kó hó, kó tún hó. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ọ̀gá mi rẹ́rìn-ín, ó ń juwọ́ sí wọn, ó ń kí wọn ní sànnu, sànnu. Nígbà tó bi mí nínú ọkọ̀ pé kí ni bàbá yẹn béèrè, mo ní ó dúpẹ́ ni.

Yàrá èmi àti Ìyá Ìbejì, ọ̀rẹ́ mi, kangun síra wọn. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bí Táyé àti Kẹ́hìndé nígbà náà. Ẹ mọ bí a ṣe ń ṣe é: ìkòkò àgbo kì í kúrò lórí iná, a ó sè é láàárọ̀, a ó tún gbé e kaná nírọ̀lẹ́, a ó sì rọ ọmọ lágbo títí yóò fi yó. Nítorí ọ̀rọ̀ tí mo sọ, Ìyá Ìbejì ń se tirẹ̀ ju ti ẹnikẹ́ni lọ. Ètè Táyé bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, ó dúdú bí aró, èékánná rẹ̀ náà dúdú, ó ń mí gúlegúle. Kí wọ́n tó gbé e dé ọsibítù, ó ti bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́.

Wọ́n ní Dókítà Olómi ló da nǹkan sínú kànga. Nígbà tó tún wá bu omi, wọ́n fọ́ àwọn ìgò rẹ̀, wọ́n sọ ọ́ lókùúta, ẹ̀jẹ̀ bò ó lójú. Èmi ni mo fọ ojú ọgbẹ́ náà fún un ní lábù. Ibẹ̀ ló ti ń ráhùn fún mi, pé ṣebí òun sọ fún wọn, pé ohun tó wà nínú omi yẹn kì í ṣe kòkòrò tí iná ń pa, ohun kan bí iyọ̀ ni, tó ti inú ìgbẹ́ jò wọnú ilẹ̀, àti pé bí a bá ṣe ń sè é tó ni yóò máa le sí i nínú omi tó kù. Ta ni nínú wa tí kò mọ̀ pé ọbẹ̀ tó bá pẹ́ lórí iná títí omi rẹ̀ fi gbẹ, yóò níyọ̀ jù? Bí mo bá sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún wọn, ìyá wo ni kò ní yé? Ṣùgbọ́n mi ò bi í... mi ò sì jẹ́wọ́ fún un. Iléeṣẹ́ wa ti gbé e lọ síbòmíràn báyìí, ó lọ tòun ti àpá lórí, ó gbà pé olórí kunkun ni àwọn èèyàn wa.

Ó wá ku Kẹ́hìndé. Ìyá rẹ̀ ò jáwọ́ nínú àgbo, ètè ọmọ náà sì ti fẹ́ máa ṣú. Mo ní kó má fi omi kànga ṣe é mọ́, ó wò mí bí ẹni pé èmi náà ti di ti ìjọba. Ni mo bá purọ́. Mo gbé omi tó dára láti lábù sínú kẹ́ẹ̀gì, mo ní wòlíì kan lórí òkè ní Bwari ló gbàdúrà sí i, pé òun nìkan ni kí ọmọ náà máa mu. Ó kúnlẹ̀ gbà á. Irọ́ o, ó gbà á lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀! Ara ọmọ náà mọ́, ètè rẹ̀ pọ́n padà. Mo sunkún ayọ̀, ojú sì ń tì mí.

Ayọ̀ náà ò pẹ́. Ìyá Ìbejì ti ròyìn káàkiri. Àwọn abiyamọ ń gbé ìgò wá sẹ́nu ọ̀nà mi, omi tí mo lè rù láti ìlú ò sì lè kárí wọn. Ìjọ ti ní kí n wá jẹ́rìí lọ́jọ́ ìkórè wa tó ń bọ̀. Lánàá ni ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà wá, oyún rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé oṣù, omi ti tán nílé mi. Kò bínú. Ó ní kí n má ṣèyọnu, ṣebí Ọlọ́run kan náà ni gbogbo wa ń ké pè, òun á bu ti kànga, òun á gbàdúrà sí i, òun á sì sè é dáadáa bí mo ṣe kọ́ wọn.

Ẹ gbà mí o. Tí mo bá sọ òtítọ́, Ìyá Ìbejì á mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹnu mi ló pa Táyé, wọ́n á sì mọ̀ pé omi wòlíì, irọ́ ni. Ta ni yóò wá gbà mí gbọ́ nígbà tí mo bá ní kànga náà ló burú? Ṣé ẹnu tó ní kí wọ́n sè é náà ni yóò tún ní kí wọ́n má sè é? Tí mo bá sì dákẹ́ ńkọ́? Ta ni kí n kọ́kọ́ sọ fún, ìyá ọmọ ni àbí ìjọ? Báwo ni ẹ̀yin ì bá ṣe bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà? Ẹ tètè dá mi lóhùn. Obìnrin yẹn lè bímọ nígbàkígbà, mo sì rí i láàárọ̀ yìí tó ń gbé ìkòkò àgbo tuntun bọ̀ láti ọjà.