Mo Ti Gbẹ̀san Lára Tíṣà Yẹn

Bàbá mi àtàtà,

Ọwọ́ mi ti tẹ̀ ẹ́. Tíṣà tó pè yín wá sílé ìwé ní Ikosi, tó sọ fún yín lójú gbogbo tíṣà pé orí mi ò gbàwé, mo ti dójú tì í.

Ṣé ẹ rántí ọjọ́ yẹn? Ẹ ṣí fìlà fún un. Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣí fìlà fún láńlọ́ọ̀dù wa, ẹ ń sọ pé ẹ ṣeun, sà. Títí a fi délé ní Ketu, iwájú lẹ ń rìn, ẹ ò bojú wẹ̀yìn. Kí ló dé tí ẹ tètè gbà á gbọ́ bẹ́ẹ̀? Kò pẹ́ lẹ mú mi lọ kọ́ṣẹ́ aránṣọ lọ́dọ̀ Àǹtí ní Ojota.

Àǹtí ló rí i pé kò sẹ́ni tó ń ti òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ tó mi nínú ṣọ́ọ̀bù, ṣùgbọ́n tí èèyàn bá dúró lẹ́nu ọ̀nà, mi ò ní mọ ẹni tó jẹ́, títí kan ẹ̀yin fúnra yín. Bí ẹ ṣe ra awò ojú fún mi nìyẹn, tí ẹ fi mí sí ilé ìwé mìíràn. Láràárọ̀ lẹ máa ń fi etí bùbá yín nu awò náà fún mi. Ikú ò jẹ́ kí ẹ dúró rí mi di tíṣà.

Pírámárì Tíírì ni mò ń kọ́ báyìí, ní Ikosi náà. Nínú kíláàsì mi, ọmọ tó ń kólòlò á kọ ìdáhùn tirẹ̀ sórí síléètì, èyí tí kì í lè jókòó jẹ́ẹ́ ló ń bá mi pín ìwé, èyí tí ò tíì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, Yorùbá ni mo fi ń ṣàlàyé fún un, bí ọ̀gá wa tilẹ̀ ń kùn. Mi ò pe ìkankan nínú wọn ní olódo rí.

Lọ́dún yìí, ọmọbìnrin kan dé tí kì í rí pátákó. Mo gbé e wá síwájú, mò ń kọ lẹ́tà ńlá fún un, ó sì ti ń ṣe dáadáa. Àṣé ọmọ ọmọ tíṣà yẹn ni. Ọjọ́ tí àwọn òbí wá wo iṣẹ́ ọmọ ni mo rí i. Ó ti darúgbó. Kò dá mi mọ̀.

Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, òbí máa ń jókòó sí àyè ọmọ rẹ̀, á ṣe iṣẹ́ ọmọ. Àyè ọmọ tirẹ̀ wà níwájú, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn pátápátá ni mo fi í sí. Mo kọ lẹ́tà wínníwínní, mo ní kó kà á sókè. Ó na ọrùn, ó dijú, ó làjú. Àwọn òbí ń rẹ́rìn-ín. Bàbá, ó dùn mọ́ mi.

“Sà, ṣé orí yín ni ò gbàwé ni?”

Mo mọ̀ pé ẹ ò kọ́ mi láti máa bú àgbà. Ó fèsì pé ojú òun ni ò ríran mọ́. Mo ní bí tèmi náà ṣe rí nìyẹn. Mo dárúkọ yín, mo dárúkọ ara mi. Kò rántí ìkankan. Gbogbo ọdún tí mo fi ń bínú, mi ò sí níbì kankan lọ́kàn rẹ̀.

Ìyẹn ló bí mi nínú jù. Mo fa àga kan síwájú rẹ̀, mo ní ẹ̀yin lẹ jókòó síbẹ̀, kó bá yín sọ̀rọ̀. Ó wo àga náà, ó wo ọmọ ọmọ rẹ̀ tí omi ti lé sí lójú, ó tẹríba.

“Bàbá, ẹ má bínú. Orí ọmọ yín gbàwé.”

Mo ní mi ò gbọ́, kó sọ ọ́ sókè. Ó tún un sọ. Ṣé ẹ̀yin gbọ́?

Ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tí inú rẹ̀ ò tíì rọ̀.