Bí Anwar Ṣe Lé Mi Jáde ní Ṣáláńgá

                                        Agboolé Làmídì,
                                        Ìkàrẹ́-Àkókó,
                                        Ìpínlẹ̀ Oǹdó.
                                        Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kẹwàá, 2025.

Yínúsà, àna mi àti ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé o ṣì wà láyé? Mo pe fóònù rẹ títí, obìnrin inú rẹ̀ ló ń dá mi lóhùn, ohùn rẹ̀ sì dùn ju tìrẹ lọ. Ìyàwó rẹ ńkọ́, ṣé ara rẹ̀ le? Ṣé òkè Ọ̀kà ṣì ń jẹ́ kí ẹ mí? Orúnkún rẹ ńkọ́? Tèmi ń dún bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo. Àwa náà wà dáadáa níbí. Limota ìyàwó mi ní kí n kí ọ, ó tún ní kí n má kọ ìkọkúkọ. Mo ti gbọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ṣáláńgá ni mo fẹ́ sọ.

O mọ bí Anwar ọmọ-ọmọ wa ṣe rí. Ó ti pé ọmọ ọdún méje, kò tíì sọ̀rọ̀, kì í sì í wo ojú èèyàn. Dókítà ní ọpọlọ rẹ̀ ń dàgbà, kò kàn kánjú ni. Mo ní kò burú, bàbá ìyá rẹ̀ náà kò kánjú rí. Ilé ìwé àwọn ọmọ bíi tirẹ̀ tó wà níbí ní àwọn yóò gbà á, kìkì bó bá lè fi hàn pé ìtọ̀ ń gbọ̀n ọ́n kó tó tọ̀ sára. Bí kò bá lè ṣe é, kí a máa mú un lọ sílé. Láti ìgbà tí Memunat ọmọ rẹ ti bí i ni aṣọ ti bo maṣíìnì ìránṣọ rẹ̀ ní kọ̀rọ̀. Bí kò bá fọ ṣòkòtò ọmọ, yóò máa lé e kiri kó má bọ́ sí títì. Láwàl ọmọ mi, ọkọ rẹ̀, ń gbìyànjú, ṣùgbọ́n o mọ àwa ọkùnrin.

Ohun tó tún ń dà wá láàmú ni kẹ́tùlù oníke tí mo fi ń ṣe àlùwàlá. Anwar á ṣáà gbé e, á da omi rẹ̀ sí wa lẹ́sẹ̀. A ó pariwo, a ó gbà á. Limota wá fi í kọ́ ìṣó lókè. Ni ọmọ yóò bá dúró sábẹ́ rẹ̀, yóò máa ké, yóò sì tọ̀ síbẹ̀. Àwa ní ìbínú ló fi tọ̀ ọ́.

Lọ́jọ́ kan, lẹ́yìn ìrun àsárì, ìtọ̀ gbọ̀n èmi náà. Ìwọ náà mọ̀ pé lọ́jọ́ orí wa, kì í fún èèyàn láyè. Mo já kẹ́tùlù, mo sáré. Bí mo ṣe dé ẹnu ṣáláńgá, ẹnì kan fa bùbá mi. Anwar ni! Ó tì mí sápá kan, ó húkọ́ hẹn-hẹn gẹ́gẹ́ bí mo ṣe máa ń hú u kí n tó wọlé, ó fa ṣòkòtò sílẹ̀, ó sì tọ̀ sínú ihò. Lẹ́yìn náà ló na ọwọ́ sí mi pé kí n gbé kẹ́tùlù wá.

Yínúsà, mo gbàgbé ohun tó gbé mi débẹ̀. Ọmọ yìí ti ń wò mí bí mo ṣe ń gbé kẹ́tùlù kí n tó lọ. Ó ti ń fi í sọ fún wa pé òun náà fẹ́ lọ, àwa sì ń gbá a lọ́wọ́! Mo kígbe. Memunat sáré dé.

"Bàbá! Ṣé ẹ ti jìn sí i ni?"

"Ọmọ rẹ ló lé mi jáde! Ó ní kí n dúró níta!"

Nígbà tí mo ṣàlàyé, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, omijé sì ń dà lójú rẹ̀. Kẹ́tùlù ti kúrò lórí ìṣó láti ọjọ́ náà.

Lánàá la lọ sí ilé ìwé fún àyẹ̀wò, tàwa ti kẹ́tùlù. Àǹtí Ìbíyínká tó ń tọ́jú àwọn ọmọ wò mí.

"Bàbá, kí lẹ fẹ́ fi kẹ́tùlù ṣe? A kì í kírun níbí o."

"Ẹnu rẹ̀ nìyẹn, Àǹtí. Ẹ fi í sílẹ̀."

A jókòó, a ń retí. Anwar ń wo fáànù tó ń yí, kò wo kẹ́tùlù rárá. Memunat ń lọ́ etí ìbòrí rẹ̀ ṣáá. Mo ti fún ọmọ náà ní píọ̀wọ́tà méjì ní kọ̀rọ̀ kí a tó kúrò nílé, èmi náà mu méjì kó má bàa kọ̀. Bí Àǹtí ṣe ń sọ pé bóyá kí a padà wá lọ́jọ́ mìíràn, Anwar bọ́ sílẹ̀. Ó gbé kẹ́tùlù, ó kọjá níwájú ìyá rẹ̀, ó kọjá níwájú mi, ó gbé e lé Àǹtí nítan.

Èmi náà dìde kíá, omi tèmi ti dé. Àǹtí ní, "Bàbá, ẹ jókòó. Ẹ jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ mi kọ́kọ́ lọ."

Akẹ́kọ̀ọ́ mi! Ohun tó pè é nìyẹn. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè ni yóò bẹ̀rẹ̀. Kò tíì sọ̀rọ̀ o, bóyá kò sì ní sọ, ṣùgbọ́n inú mi dùn. Alihamudulilahi.

Bá mi kí ìyàwó rẹ. Kí gbogbo ará mọ́ṣáláṣí yín, àfi ẹni tó máa ń hanrun nínú wáàsí. Ìwọ ni mò ń bá wí.

Nígbà tí a dé ilé lánàá, Memunat wọ yàrá pé òun fẹ́ kírun. A retí rẹ̀ títí, kò jáde. Limota yọjú wò ó, ó ti sùn lọ lórí ẹní ìkírun. A ò jí i. Ọ̀dọ̀ mi ni Anwar ti jẹun, ó fi ọbẹ̀ fọ bùbá mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti rí ọmọ rẹ tó sùn bẹ́ẹ̀, Yínúsà.

Èmi ni tìrẹ, ẹni tó ṣì ní eyín nínú àwa méjèèjì,
Làmídì.