Máàpù Ọgbà Àjàrà Lára Ògiri Mi

Tèmídayọ̀ àbúrò mi,

Mo kí ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ. Ẹ̀jẹ̀ ríru Màmá ti wálẹ̀. Gbogbo ọjọ́ Ajé ni mò ń gbé wọn lọ sílé ìwòsàn.

Àmọ́ mò ń jowú rẹ. Màmá yọ fọ́tò ìgbéyàwó mi lára ògiri, wọ́n gbé máàpù ọgbà àjàrà South Africa tí o yà kọ́ síbẹ̀. Wọ́n ń sọ fún gbogbo àlejò: "Stellenbosch rèé, òkè ló yí i ká. Robertson rèé, odò ló ń mú àjàrà rẹ̀ yè. Ọmọ mi ló ń ṣe wáìnì ibẹ̀!"

Olúwa á bù kún ọ. Jọ̀wọ́, ya máàpù Àbújá fún wọn náà. Fa ọ̀nà láti Lokogoma dé ilé ìwòsàn, kí wọ́n lè fi èmi náà han àlejò.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Abímbọ́lá