Ohun Tí Mo Rí Nínú Ẹyinjú Bàbá Yín

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ? Ara tiwa náà le, àfi eékún mi tó ń ṣe bí ẹni pé kì í ṣe tèmi. Àlọ rẹ á dáa, àbọ̀ rẹ á sunwọ̀n.

Mo mọ̀ pé láti ìgbà tí bàbá yín ti kú, ohun tó ń dùn ọ́ jù ni pé o ò ní fọ́tò kankan tí ẹ̀yin méjèèjì jọ yà, òun náà ni ò sì jẹ́ kó wù ọ́ láti wálé. Ìdí tí mo fi ń kọ̀wé nìyẹn.

Fọ́tò tí o sún mọ́ bàbá yín fi fóònù yà níbi tí wọ́n jókòó sí lẹ́nu ọ̀nà, tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù àbúrò rẹ, la gbé lọ sọ́dọ̀ onífọ́tò pé kó tẹ̀ ẹ́ ní ńlá fún ara ògiri. Ó gbé e sójú kọ̀ǹpútà, ó ní òun kì í tẹ fọ́tò láì kọ́kọ́ yẹ gbogbo ara rẹ̀ wò, torí àbùkù tó bá ti bọ́ sórí pépà, kò sí ọṣẹ tó lè fọ̀ ọ́. Ló bá ń fà wọ́n tóbi. Ojú bàbá yín kún gíláàsì bámúbámú, mo sì ti kí wọn kú ọjọ́ mẹ́ta kí n tó rántí. Mo ní kó rọra, kó má fa awọ wọn ya. Mo tún bẹ̀ ẹ́ pé kó yí wọn padà kí n wo eéwo ẹ̀yìn ọrùn wọn, bóyá ó ti jiná. Ó ní ẹ̀rọ òun ò lè yí ẹni tó ti jókòó padà.

Ó rí àmì dúdú kan nínú ẹyinjú wọn, ó ní ìdọ̀tí ni, òun fẹ́ pa á rẹ́. Mo ní kó kọ́kọ́ fà á wá kí n rí i. Ó fà á, ó tún fà á. Ọmọ mi, ìwọ ni. O dúró nínú ẹyinjú bàbá yín, o fi ọwọ́ méjèèjì gbé fóònù sókè, àgbàlá wa wà lẹ́yìn rẹ. Ẹnu mi ò lè pa dé. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo ní tó bá pa ọmọ mi rẹ́, ojú rẹ̀ á rí màbo. Mo ní kó tún wọ inú fóònù ọwọ́ rẹ lọ, torí ó yẹ kí bàbá yín wà níbẹ̀ náà, ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ di ègé àwọ̀ onígun mẹ́rin, ó ní ibi tí ojú ẹ̀rọ mọ nìyẹn.

Nítorí náà, fi owó ránṣẹ́, torí méjì la ó tẹ̀: ojú wọn lódindi, àti ẹyinjú nìkan, kó tóbi bí ilẹ̀kùn. Onífọ́tò ní ti ẹyinjú ò ní mọ́ dáadáa. Mo ní kó tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Fi owó awò ojú mi kún un. Kí o sì wálé wá mú tìrẹ, ẹ̀yin méjèèjì lẹ wà níbẹ̀.

Ojú rere tí bàbá yín fi ń wò ọ́ lọ́jọ́ náà ni gbogbo ayé yóò máa fi wò ọ́.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.