Ayùn Tí Kò Rí Ọwọ́

Ìbarà, Ọjọ́rú, 1986

Ohun tí mo rí láàárọ̀: ní ṣọ́ọ̀bù Bàámi, ayùn oníná tí ẹ̀gbọ́n mi, Bùọ̀dá Gàníyù, so mọ́ kọ̀ǹpútà rẹ́ pákó kan, ó gòkè, ó dúró. Bàámi na ọwọ́ sábẹ́ rẹ̀, wọ́n ń fi ìka gbá lẹ́búlẹ́bú pákó dànù bí wọ́n ti máa ń ṣe.

Èmi ni mo kọ ọ́ sínú kọ̀ǹpútà pé kí ayùn dúró fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá kó tó tún sọ̀ kalẹ̀. Mo ti kà dé ẹ̀jọ kí n tó fa wáyà iná ayùn yọ.

Bàámi bú sẹ́rìn-ín. "Ó rọ́wọ́ mi ló fi dúró! Ó mọ ọ̀gá ẹ̀ ju ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí lọ."

Mi ò lè já wọn nírọ́ níwájú oníbàárà tó ń dúró de pákó. Ṣùgbọ́n wọ́n á tún na ọwọ́ síbẹ̀ lọ́la...

Lẹ́yìn ìrun ìṣáà, mo ní, "Bàámi, ẹ má bínú. Ayùn yẹn ò rí nǹkan kan. Èmi ni mo fa wáyà iná rẹ̀ yọ."

Wọ́n ń ṣí ọwọ́ wọn, wọ́n ń pa á dé.

Aago mẹ́wàá ku ogún ìṣẹ́jú ni mo tó dùbúlẹ̀.