Ẹni Tó Dọ̀bálẹ̀ Lẹ́bàá Ọ̀nà

Bàbá mi tí mo fẹ́ràn,

Rìsíkátù, ìyàwó ọmọ mi kejì, ló ń bá mi kọ ọ́. Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ẹ ti lọ kó tó wọlé wa. Ọmọ Ifẹ̀-Ọ̀dàn ni, ó ń kọ́ àwọn ọmọdé níwèé. Mo ti kìlọ̀ fún un pé bí mo bá ṣe sọ ọ́ ni kó kọ ọ́, kó má fi iyọ̀ kún un. Ẹ mọ̀ pé èmi ò kàwé, torí ẹ̀yin lẹ ní kí n dúró ti ìyá mi lọ́jà. Mi ò bá yín jà lórí ìyẹn mọ́.

Ilé wà. Páànù tí ẹ kàn sí i ti dípẹtà, àmọ́ kò jò. Ìyá ti wá bá yín, ẹ ti mọ ìyẹn. Àbúrò mi ṣì wà ní Àbíjàn, takisí ló ń wà. Orúnkún ń dùn mí. Ojú mi ń tán lọ. Ọ̀rọ̀ ojú yìí gan-an ni mo bá wá.

Ẹ rántí àtùpà ọ̀dẹ̀dẹ̀. Nígbà tí àwọn ọmọ mi kéré, bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, ẹ máa ń pè wọ́n jókòó sórí ẹní, ẹ ó ní kí wọ́n wo òṣùmàrè tó ká iná mọ́. Ẹ ní ejò ńlá ni, pé òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, pé omi odò kò tó o mọ́ ló ṣe wá ń mu kẹrosíìnì wa. Àwọn ọmọ á tẹjú mọ́ àtùpà títí omi á fi máa bọ́ lójú wọn. Wọn ò rí nǹkan kan. Èmi náà wò ó, mi ò rí nǹkan kan. Mo rò pé ẹni tó bá ti gbé Àbíjàn bíi tiyín nìkan ló ń rí irú rẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá, mo rí i. Mo gbójú sókè wo gílóòbù tí wọ́n so sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan náà, òṣùmàrè ká a mọ́, ó pupa létí, ó ní àwọ̀ ewé àti àwọ̀ aró nínú. Inú mi dùn. Mo ní, Bàbá dé. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Bí ẹ̀yìn Mọ̀gàríbì bá ti dé, mo ti gbé àga mi sídìí òṣùmàrè yín, mò ń wò ó bí ẹni ń wo àlejò tó dákẹ́. Àìsàn ni mò ń gbádùn, mi ò mọ̀.

Rìsíkátù tó ń kọ̀wé yìí ti di ẹrù rẹ̀ lọ sílé ìyá rẹ̀ nígbà náà. Ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀ wà lápá òsì ibi tí mo máa ń jókòó mu ẹ̀kọ láàárọ̀. Á jáde, á kúnlẹ̀, á kí mi. Ohùn rẹ̀ kò ju ti eṣinṣin lọ, rédíò mi sì máa ń ké. Mi ò dá a lóhùn. Ó rò pé mò ń bínú torí ọbẹ̀ kan tó jóná. Ó ní kí a yọ èyí kúrò. Mo ní kó kọ ọ́. Ọbẹ̀ náà jóná lóòótọ́.

Ọkọ rẹ̀ lọ bẹ̀ ẹ́, ó padà. Lọ́jọ́ tó padà, mo sá èlùbọ́ sórí àtẹ, mo jókòó tì í láti máa lé adìyẹ. Mi ò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni wà nílé. Mo kàn gbọ́ ẹ̀rín lẹ́yìn mi.

"Màmá, adìyẹ ń bá yín jẹun."

"Adìyẹ wo?"

"Èyí tó gun orí àtẹ lápá òsì yín."

"Má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, Rìsíkátù. Kò sí adìyẹ níbẹ̀."

Ẹ̀rín tán lẹ́nu rẹ̀. Mo rò pé ó ti wọlé lọ. Àfi bí mo ṣe rí i tó kúnlẹ̀ síwájú mi gangan.

"Níbo lo ti yọ wá?"

"Mi ò kúrò níbí, Màmá. Mo kọ́kọ́ kúnlẹ̀ lápá òsì yín. Mo tún kúnlẹ̀ lápá ọ̀tún. Ẹ ò rí mi."

Mo sọ fún un pé ìyá arúgbó ni mí, n kì í ṣe afọ́jú. Ó ní òun ò pè mí ní afọ́jú, kí n sáà múra kí a lọ.

Ní ilé ìwòsàn ní Òṣogbo, wọ́n mú mi jókòó síwájú ohun kan tó funfun, tó jìn bí igbá ńlá tí wọ́n dojú rẹ̀ kọ èèyàn. Wọ́n fi aṣọ bo ojú mi kan. Nọ́ọ̀sì fi bọ́tìnnì kan sí mi lọ́wọ́, ó ní kí n tẹjú mọ́ àárín, pé bí ìràwọ̀ kékeré bá ti yọ níbikíbi, kí n tẹ̀ ẹ́. Bàbá, mo wọ inú ọ̀run yẹn lọ. Ó dákẹ́. Kò sí adìyẹ, kò sí ọ̀kadà. Ìràwọ̀ kan á yọ, mo tẹ̀ ẹ́. Á pẹ́ kí òmíràn tó yọ. Mo ń retí wọn bí àgbẹ̀ ṣe ń retí òjò. Nígbà tí wọ́n ṣí ojú mi, mo sọ fún nọ́ọ̀sì náà pé ìràwọ̀ yín kò pọ̀.

Ó ní, "Màmá, ìràwọ̀ pọ̀ lọ jàra. Ẹ̀yin lẹ ò rí wọn."

Ó jókòó tì mí, ó ṣàlàyé. Ó ní omi kan wà nínú ẹyin ojú tó ń wọlé tó sì ń jáde. Bí ọ̀nà tó ń gbà jáde bá dí, omi náà á máa ti iṣan tó ń gbé ohun tí a rí lọ sínú ọpọlọ, iṣan náà á sì máa kú díẹ̀díẹ̀, láti ẹ̀gbẹ́ wá sí àárín. Gùlàkómà ni wọ́n ń pè é. Ó dà bí orúkọ ìlú tí ẹ ti máa ń ra aṣọ wá. Ó ní kì í dun ọ̀pọ̀ èèyàn. Àwọn kan ń rí òṣùmàrè lẹ́bàá iná, ọ̀pọ̀ ò sì rí ohunkóhun. Èèyàn á kàn máa forí gbá férémù ilẹ̀kùn, á ṣi ẹsẹ̀ gbé lórí àtẹ̀gùn, á máa da omi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ife. Ó ní ibi tó kú nínú ojú kì í dúdú. Kò kàn ní sí níbẹ̀ mọ́ ni, ẹni tó ni ojú á sì gbà pé gbogbo ayé náà lòun ń wò.

Mo ní kó bá mi gé e kúrò, bí wọ́n ṣe ń gé ti àwọn tí ẹyinjú wọn funfun. Ó ní ìyẹn yàtọ̀. Tiwọn ṣeé yọ, ojú á sì tún mọ́lẹ̀. Èyí tó bá ti lọ nínú tèmi, ó ti lọ. Oògùn tí mò ń kán sí i lójoojúmọ́ báyìí, ìyókù ló ń ṣọ́. Ó ní kí n sọ oògùn ojú tí mò ń rà lọ́wọ́ àwọn tó ń polówó nínú ọkọ̀ nù, pé òmíràn nínú wọn ń ba ojú jẹ́ sí i ni. Ó tún ní bí ojú bá ṣàdédé pọ́n, tó ń dunni gidigidi, tí orí ń fọ́, tí èébì ń gbéni, kí èèyàn má sùn mọ́jú kó tó wá.

Mo bi í pé ta ló fi ṣe mí.

Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Màmá, ta ló ti ní i rí nínú ilé yín? Ó máa ń wà nínú ìdílé."

Mo la ẹnu láti sọ pé kò sí. Mo wá rí yín, Bàbá, lórí ẹní yín, tí ẹ ń da omi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ife.

Mo rí ewúrẹ́ tí ẹ ń kọsẹ̀ lára rẹ̀, tí Ìyá ń pariwo pé ṣé ewúrẹ́ kò tóbi tó ni. Mo rí bí ẹ ṣe ń yí gbogbo ọrùn bíi ti àkùkọ kí ẹ tó mú obì nínú àwo. Ní àárín ọ̀nà lẹ máa ń rìn, àwọn ọlọ́kadà á máa bú yín. Mo sì rí Bàbá Ara.

Bàbá Ara, àbúrò yín, ọmọ ìyá yín. Ẹ jọ tajà ní Àbíjàn, ẹ jọ jẹun nínú àwo kan, kó tó lọ dáko sí Ara. Ní gbogbo Jímọ́ọ̀ ló ń gun ọ̀kadà wá bá yín kírun. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, àwọn èèyàn ń tú jáde ní mọ́ṣáláṣí, ariwo pọ̀, ó sì dọ̀bálẹ̀ fún yín lẹ́bàá ọ̀nà, gbalaja, nínú agbádá funfun. Ẹ kọjá. Ẹ ò tiẹ̀ fa ẹsẹ̀. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ ní Jímọ́ọ̀ tó tẹ̀ lé e, ẹ tún kọjá. Ó dìde, kò gbọn erùpẹ̀ àyà rẹ̀. Bó ṣe wà náà ló gbé e gun ọ̀kadà dé Ara, kí ìyàwó àtàwọn ọmọ rẹ̀ lè rí i. Ó ní owó Àbíjàn àti ilé páànù ti mú ẹ̀gbọ́n òun gbàgbé ẹni tí wọ́n jọ mu ọmú kan náà. Àwa náà ní ẹ̀gàn ni, ìlara ni. Kò wá mọ́. Lọ́jọ́ tí a sin yín, ìta ló dúró sí. Kò bu erùpẹ̀ sí i.

Ohun tí mo fẹ́ bi yín nìyí. Ṣé ẹ mọ̀? Ṣé ẹ mọ̀ pé ẹ̀gbẹ́ ti lọ, ẹ kàn pa á mọ́ fún wa? Àbí ẹ̀yin náà gbà pé gbogbo ayé lẹ̀ ń wò, ẹ sì ń ṣe kàyéfì pé kí ló mú àbúrò yín tí kò wá kí yín mọ́? Bí ẹ bá ń jókòó síta ní Jímọ́ọ̀ nígbà náà, tí ẹ kọjú sí ọ̀nà Ara, ta lẹ̀ ń retí?

Mo máa ń lá yín. Nínú àlá, ojú mi ò lẹ́gbẹ̀ẹ́ tó kú. Àgbàlá gbòòrò, mò ń rí ewúrẹ́ lápá ọ̀tún, ìkòkò omi lápá òsì, láì yí ọrùn. Ẹ̀yin á jókòó lápá òsì mi, ẹ ó máa fi etí aṣọ nu fìlà yín, yípo yípo, bí ẹ ti máa ń ṣe. Bí mo bá jí, tí mo yíjú síbẹ̀, ògiri ni. Ibi tí mi ò ti rí nǹkan mọ́ lẹ lọ jókòó sí. Kò bà mí lẹ́rù. Ó sàn kí ẹ wà níbẹ̀ ju kó ṣófo lọ.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo ní kí Rìsíkátù sìn mí lọ sí Ara. Bàbá Ara ti darúgbó gan-an. Bí mo bá tún fi falẹ̀, á gbé ìbínú yẹn bá yín níbẹ̀. A bá a lábẹ́ igi níwájú ilé, ó kọjú sí ojú ọ̀nà. Mo kúnlẹ̀ lápá ọ̀tún rẹ̀, orúnkún mi ń ké. Mo kí i. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ gbàgúdá ń dún nítòsí. Kò dá mi lóhùn, kò wojú mi. Ọkàn mi gbóná. Mo ní pẹ̀lú gbogbo ọdún yìí. Mo ti fẹ́ dìde máa lọ.

Ó wá na ọwọ́ mú búútà àlùwàlá rẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga. Ọwọ́ rẹ̀ kọjá lórí rẹ̀. Ó tún na ọwọ́, ó tún kọjá.

Mo dìde, mo bọ́ síwájú rẹ̀, mo tún kúnlẹ̀.

"Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi," ó ní. "Níbo lo ti yọ wá?"

"Ibí ni mo wà, Bàbá. Mo ti kí yín lápá ọ̀tún."

"Irọ́ lò ń pa. Ẹnikẹ́ni ò kí mi."

"Bẹ́ẹ̀ náà ni bàbá mi ò ṣe rí yín lọ́jọ́ yẹn."

"Ọjọ́ wo?" Ó mọ ọjọ́ náà.

"Jímọ́ọ̀ tí ẹ dọ̀bálẹ̀."

"Gbalaja ni mo dọ̀bálẹ̀. Gbogbo jàmáà ló rí mi."

"Gbogbo jàmáà rí yín. Bàbá mi nìkan ni kò rí yín."

Mo sọ fún un nípa omi inú ojú, nípa ìràwọ̀, nípa adìyẹ. Mo fi búútà rẹ̀ lé e lọ́wọ́. Ó gbé e sórí ẹsẹ̀, kò lò ó. Ó ní àwọn ọmọ òun ti ń ráhùn pé òun ò dá wọn lóhùn mọ́, pé ìgbéraga ń bẹ nínú ẹbí àwọn. Lẹ́yìn náà ló ṣí fìlà rẹ̀, ó sì ń fi gbọn àyà rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí erùpẹ̀ ṣì wà níbẹ̀.

Ó ní, "Bá mi kí ẹ̀gbọ́n mi."

Nítorí náà, Bàbá, Bàbá Ara kí yín. Mo gbé e síwájú yín gangan. Ẹ dá a lóhùn.

Lánàá, oorun gbé mi lọ lọ́sàn-án, ẹ wà níbi tí ẹ máa ń wà. Mo jẹ́ iṣẹ́ náà fún yín. Ọwọ́ yín dúró lórí fìlà.

Kí Ọlọ́run fi Àlùjánńà kẹ́ yín. Èmi ni ọmọ yín obìnrin, tí ojú rẹ̀ ń kéré, tó ṣì ń rí yín tóbi.

Rìsíkátù, má tíì ká ìwé yìí. Àbúrò mi ni kí o kọ́kọ́ pè ní Àbíjàn lọ́la. Bó bá wà lórí ọ̀nà, ní kó dúró ná. Kó lọ yẹ ojú wò kó tó tún gbé èrò. Bó bá ní ojú òun mọ́lẹ̀ kedere, sọ fún un pé kedere ni tèmi náà. Lẹ́yìn rẹ̀, àwọn ọmọ Bàbá Ara. Kí wọ́n gbé bàbá wọn lọ sí Òṣogbo, kí wọ́n sì jókòó kí wọ́n yẹ tiwọn wò níbẹ̀. Lẹ́yìn wọn, ọkọ rẹ àtàwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò rẹ̀. Kí o wá pe àwọn ọmọdé ilé jọ. Sọ fún wọn pé bí wọ́n bá kí àgbà tí kò dá wọn lóhùn, kí wọ́n má tíì bínú. Kí wọ́n dìde, kí wọ́n bọ́ síwájú rẹ̀, kí wọ́n tún un kí.