Bírékì Tí Wọ́n Torí Ẹ̀ Pè Yín Ní Ọ̀mùtí

Bàbá mi tí mo ń bá sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́,

Mo ti wà nílé ọkọ. Rewáyà tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe ni ọkọ mi, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lójú ọ̀nà Èjìgbò. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Ó máa ń fẹ́ atẹ́gùn sí tíì mi kó tó gbé e fún mi, bí ẹ̀yin náà ti máa ń ṣe.

Ọ̀gá yín tí ẹ ń wa ọkọ̀ fún wá síbẹ̀. Ọ̀gá Sùbérù yẹn, tó dúró síbi òkú yín tó ní bírékì òun dára, ògógóró lẹ mu tí ẹ fi kó sí gọ́tà ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Òkè-Àfà. Ẹ̀yin tí ẹ kì í fẹnu kan ẹmu pàápàá. Ṣé ẹ gbọ́ ọ níbi tí ẹ wà? Àwọn ará ilé ọkọ mi gbọ́. Wọ́n máa ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ pé ọmọ ọ̀mùtí ni wọ́n fẹ́. Mo sì rò pé mo ti lóyún, ẹ̀yin ni mo kọ́kọ́ sọ fún. Ọmọ yìí ò gbọdọ̀ bá ọ̀rọ̀ yẹn láyé.

Tírélà kékeré tí ẹ ń fi ọkọ̀ fà lọ́jọ́ tí ẹ kú náà ló so mọ́ ìdí píkọ́ọ̀pù wá, èyí tó fi ń gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń po kọnkéré lọ sí Ire-Akari, níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé bí ẹni ń gbin àgbàdo. Ó ní bírékì oníná rẹ̀, tí iná bátìrì píkọ́ọ̀pù ń mú ṣiṣẹ́, ò mú dáadáa. Mo kúnlẹ̀ gbé omi fún un. Kò mọ̀ mí; Ìyàwó ni gbogbo èèyàn ń pè mí níbí. Ó tún ṣàdúrà ọmọ fún mi. Mo ṣe àmín.

Ọkọ mi fi gílóòbù kékeré yẹ iná wò. Níwájú tírélà, gílóòbù mọ́lẹ̀ kedere. Nídìí táyà, ó ń ṣe bí àtùpà tí kẹrosíìnì ti tán nínú rẹ̀. Ó wọ abẹ́ rẹ̀, ó bá wáyà tín-ín-rín bíi ti gílóòbù inú yàrá, ìpẹtà aláwọ̀ ewé ti bo ojú ibi tí wọ́n ti so ó. Ó ní wáyà yìí ò lè gbé iná tó dé bírékì, ó sì ti pẹ́ tó ti wà bẹ́ẹ̀.

“Ó pẹ́ kẹ̀,” Ọ̀gá Sùbérù ń rẹ́rìn-ín. “Bí mo ṣe rà á nìyẹn. Dírẹ́bà mi kan tó ti kú, ojoojúmọ́ ló ń ráhùn ẹ̀ sí mi létí, bí obìnrin tó ń bínú orogún.”

Bàbá mi, èmi tí ẹ mọ̀ yìí la ẹnu. “Ẹ sọ pé ọtí ló pa á. Èmi lọmọ ẹ̀.”

Mo bẹ ọkọ mi kó dá wáyà yẹn padà bó ṣe wà, kí Ọ̀gá wà á lọ sí Òkè-Àfà fúnra rẹ̀. Ó kọ̀, ó ní ọmọ ọlọ́mọ wà lójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ó kó irinṣẹ́ rẹ̀ sínú àpótí, ó ní òun ò ní fọwọ́ kàn án àfi tí Ọ̀gá bá kọ́kọ́ lọ bá màámi l'Óṣòdì. Kò sì sí rewáyà míì ládùúgbò tó mọ bírékì oníná.

Ọ̀gá Sùbérù lọ lọ́sàn-án Sátidé, lójú gbogbo ará ilé. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lágbàlá nínú agbádá funfun, ó ní òun parọ́ mọ́ yín, bírékì òun ló pa yín. Màámi gbọ́ ọ tán. Ẹ mọ̀ pé ẹni tó dọ̀bálẹ̀ kì í dìde títí wọ́n á fi ní kó dìde. Màámi ò ní kó dìde. Wọ́n wọlé, wọ́n ti ilẹ̀kùn.

Ni àwọn àgbà bá ń wò mí, pé kí n ní kó dìde dípò Màámi. Òjò ti rọ̀ láàárọ̀. Mo gbé àpótí ìjókòó, mo jókòó síbi tó ti lè máa wo ẹsẹ̀ mi. Mo gbádùn ẹ̀, Bàbá mi. Ṣé ó burú? Ẹrẹ̀ mu agbádá yẹn dé àyà, mi ò sì la ẹnu.

Èmi ni,
ọmọ yín tójú ń tì, tó fẹ́ràn yín.